Owó Udoji, Ilé Tọkọtaya àti Ìpín Ẹni Tó Ń Lọ: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Inú Ìtàn Wa Ní Sabon Gari

Àwọn alákòóso ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa ìtàn àwa Yorùbá ní Kano. Mo rò ó títí. Àwọn tó ṣáájú mi ti kọ nípa rélùwéè, nípa ọjà, nípa ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sọ ní gbangba, tí ó sì ti tú ilé púpọ̀ ká lójú wa. Òun ni ọ̀rọ̀ owó òjijì: owó tó wọlé tọkọtaya lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí ó wá di wàhálà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Ta ló ni ín? Báwo ni a ṣe ń pín in? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ fi ìtàn dáhùn.

ÀPÒ MÉJÌ NÍNÚ ILÉ KAN

Ọdún 1911 ni rélùwéè dé Kano. Ní nǹkan bí 1913 ni ìjọba amúnisìn ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ Kano. Àwọn bàbá wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú àti ibòmíràn. Àwọn kan wá ṣiṣẹ́ akọ̀wé, àwọn kan wá ṣiṣẹ́ rélùwéè, ọ̀pọ̀ wá ta aṣọ àti obì. Àwọn ìyá wa náà wá, wọn kò sì wá jókòó. Ẹni tó bá mọ ọjà Sabon Gari ní àtijọ́ yóò rántí pé àwọn obìnrin wa kì í gbẹ́yìn nídìí ọjà.

Wọ́n gbé àṣà ilé wá pẹ̀lú wọn. Nínú àṣà náà, tọkọtaya ń gbé inú ilé kan, ṣùgbọ́n oníkálukú ló ni àpò tirẹ̀. Ọkọ ni yóò pèsè ilé àti oúnjẹ. Ó yẹ kí ó fún ìyàwó ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò, ṣùgbọ́n èrè òwò náà, ti ìyàwó ni. Nínú irú àṣà bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Tinúbú ti là ní Èkó àti Abẹ́òkúta, inú rẹ̀ náà ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti di olówó ní Ìbàdàn, olúkúlùkù lórúkọ ara rẹ̀, kì í ṣe lórúkọ ọkọ.

Bí ìgbéyàwó bá tú ká, ìṣirò kò le. Wọn yóò dá owó orí padà. Obìnrin yóò kó ẹrù rẹ̀ àti ọjà rẹ̀. Ilé àti ilẹ̀ yóò kù sọ́wọ́ ọkọ àti ẹbí rẹ̀. Ikú pàápàá kò yí èyí padà. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ọ́ gbangba pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀. Ní ọ̀nà kan náà, ọkọ kò ní ẹ̀tọ́ sí ọrọ̀ ìyàwó. Ọmọ àti ẹbí ìyàwó ló ni ín.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á fi ojú òní nìkan wo àṣà yìí. Ó ní ìdájọ́ tirẹ̀ nínú. Nígbà tí owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ sí àpò méjèèjì, tí bàbá ń gba owó oṣù, tí ìyá ń jèrè lọ́jà, kò sí ẹni tó lọ lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n àṣà náà ní ibi tí kò tó. Nígbà tí àwọn kóòtù ìbílẹ̀ ti ìgbà òyìnbó dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn obìnrin tó ń wá kọ ọkọ níbẹ̀ pọ̀. Ohun tí kóòtù ń bèèrè jù ni iye owó orí àti ẹni tí yóò dá a padà. Wọn kì í sábà bèèrè ẹni tó ro oko kòkó, tàbí ẹni tó ru omi tí a fi po yẹ̀pẹ̀ ilé. Iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó lórí ohun tí ó jẹ́ orúkọ ọkọ kò ní ìwé, kò sì ní ìṣirò.

ỌDÚN TÍ OWÓ UDOJI DÉ

Ẹni tó bá ti tó ọgọ́ta ọdún láàárín wa yóò rántí Udoji. Àwọn ọmọ wa gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu wa bí ẹni pé orúkọ owó ni. Orúkọ ènìyàn ni: Olóyè Jerome Udoji, ẹni tí ìjọba Ọ̀gágun Gowon fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, láti 1972 sí 1974. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Adájọ́ Adeyinka Morgan ti ṣe é ṣáájú ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogboogbò ti 1964. Olóyè Simeon Adebo, ọmọ Ẹ̀gbá, ṣe tirẹ̀ ní 1970 sí 1971. Ṣùgbọ́n ti Udoji yàtọ̀, nítorí epo rọ̀bì.

Láti òpin 1973 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1974, owó àgbá epo kan lórí ọjà àgbáyé fò láti nǹkan bí dọ́là 3 dé ohun tó ju dọ́là 11 lọ. Owó pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ní oṣù Kejìlá 1974 ni ìjọba kéde ìpinnu rẹ̀ lórí ìwé Udoji. Owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sókè. Ẹni tó wà ní ìpele kìn-ín-ní nínú ìpele 17 yóò máa gba naira 720 lọ́dún, èyí tí í ṣe naira 60 lóṣù. Ohun tó wá dá rúgúdù sílẹ̀ ni pé ìjọba ní kí á ka àfikún náà láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin 1974. Oṣù mẹ́sàn-án ti jẹ́ àjẹsílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀: bí àfikún òṣìṣẹ́ kan bá jẹ́ naira 30 lóṣù, naira 270 ni yóò gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Naira 270, nígbà tí naira 60 jẹ́ owó oṣù odidi ènìyàn!

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975 ni owó náà bọ́ sí ọwọ́. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 13. Mo rí fáànù, rẹ́díò, fíríìjì àti alùpùpù tí wọ́n ń wọ agboolé wa bí ẹni pé ọdún ń bọ̀. Àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí àwọn náà gba Udoji tiwọn. Ọjà kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ní 1975, iye ọjà ní Nàìjíríà fi ohun tó ju 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ gbówó lórí láàárín ọdún kan. Ìjọba ti béèrè fún nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì láti òkè òkun, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tò sí etíkun Èkó, síbẹ̀ ẹni tó ń kọ́ ilé ní Kano ń wá sìmẹ́ńtì kiri. Nígbà tí wọ́n fi gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1975, owó Udoji ti tán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tí wọ́n fi rà ló kù. Ìjà sì kù lórí ẹni tó ni ohun tí wọ́n fi rà.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ṣẹlẹ̀. Owó náà wọ àpò kan ṣoṣo, àpò ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì. Ní agboolé wa, ọkọ ni. Bí ó bá jẹ́ fíríìjì ni ó fi rà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi bẹ̀rẹ̀ ilé tí kò lè parí, àpò kejì ni yóò parí rẹ̀.

OHUN TÍ ỌWỌ́ MI KỌ

Tọkọtaya kan ń gbé agboolé kan náà pẹ̀lú àwọn òbí mi. Mo ń pè wọ́n ní Bàbá Akọ̀wé àti Ìyá Elépo. N kò ní sọ orúkọ wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá jẹ́ akọ̀wé ìjọba, Ìyá ń ta epo pupa àti gààrí ní ọjà Sabon Gari. Àṣà ìbílẹ̀ ni wọ́n fi gbé ara wọn níyàwó.

Bàbá ti ní ilẹ̀ kan tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Udoji dé, ó fi gbogbo rẹ̀ kọ́ ilé, ó sì kọ́ ọ dé ibi òrùlé. Ibẹ̀ ni owó tán sí, nítorí sìmẹ́ńtì ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Òjò ọdún náà sì ń bọ̀. Ìyá Elépo kó èsúsú rẹ̀, ó fi díẹ̀ kún un nínú owó òwò rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ ra páànù, kí n máa bá òun ka owó.

A ra páànù, a san owó. Ẹni tó tà á fún wa kò mọ̀wé púpọ̀, ó na ìwé rìsíìtì sí mi pé kí n kọ ọ́. Mo bi Ìyá léèrè orúkọ tí kí n kọ. Ó ní, "Kọ orúkọ bàbá rẹ. Ṣé ilé rẹ̀ kọ́ ni?" Mo kọ orúkọ Bàbá Akọ̀wé. Inú mi dùn, nítorí mo kọ ọ́ dáadáa, tí ẹni tó ta páànù sì yìn mí.

Ní 1981, wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà, lẹ́tà bàbá mi ni mo fi gbọ́. Wọ́n dé ilé ẹjọ́ kan. Bàbá Akọ̀wé kó gbogbo rìsíìtì ilé náà sílẹ̀, láti orí ìpìlẹ̀ dé orí páànù, orúkọ rẹ̀ ló wà lára gbogbo wọn. Ìyá Elépo kò ní ìwé kankan. Wọ́n ní kí ó dá owó orí padà kí ó sì kó ẹrù rẹ̀. Ó kó àgbá epo rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì padà sí Ọ̀fà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Bàbá mi kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà pé Bàbá Akọ̀wé kò purọ́. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ibi tí owó páànù ti wá, òun náà kò sì sọ. Mo ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé lórí rìsíìtì páànù, ìwé ọwọ́ mi ni, àti pé èmi nìkan ni ẹlẹ́rìí tí obìnrin yẹn ní. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pè mí. Èmi náà kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n pè mí.

ÒFIN MẸ́TA LÓJÚ PÓPÓ KAN

Nígbà tí mo wọ iṣẹ́ ìjọba tí mo sì ń ka ìwé òfin, mo rí i pé ní Sabon Gari, bí a ṣe gbé ìyàwó ló ń pinnu bí a ṣe ń pín nǹkan.

Òfin kìn-ín-ní ni ti àṣà ìbílẹ̀, èyí tí mo ti ṣàlàyé. Ilé ẹjọ́ lè gbọ́ tẹnu obìnrin tó bá ní òun dá owó sí ilé, ṣùgbọ́n yóò bèèrè ẹ̀rí. Ní 1992, nínú ẹjọ́ Amadi àti Nwosu, obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ta ilé ní òun dá sí kíkọ́ rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kò gbè é, nítorí pé kò ṣe àlàyé iye tó dá àti ohun tó fi rà, kò sì mú ìwé wá. Ilé Ìbò ni ẹjọ́ náà ti wá, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ kan gbogbo wa. Nígbà tí mo kà á, páànù ni mo rántí.

Òfin kejì ni ti Ìsìláàmù, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀ lé, tí àwọn ilé ẹjọ́ Kano sì mọ̀ dunjú. Nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ohun tí ọkùnrin bá fi iṣẹ́ rí, tirẹ̀ ni, ohun tí obìnrin bá rí, tirẹ̀ ni. Sàdákì jẹ́ ti ìyàwó, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Bí ọkọ bá kọ̀ ọ́, yóò bọ́ ọ títí iddah yóò fi pé, ó sì dára kí ó fún un ní ẹ̀bùn ìdágbére. Bí ó bá jẹ́ ìyàwó ló fẹ́ lọ, ó lè dá sàdákì padà kí ó gba òmìnira. Ṣùgbọ́n òfin yìí náà kò sọ pé kí á pín owó ọkọ sí méjì, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kí á pín ti ìyàwó. Owó tí ìyàwó bá yá ọkọ, gbèsè ni. Ọlọ́run sì ti pàṣẹ nínú Àlùkùránì pé kí á máa kọ gbèsè sílẹ̀ kí á sì pe ẹlẹ́rìí sí i.

Òfin kẹta ni ti àwọn tó ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, ní ọ́fíìsì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ. Òfin ọdún 1970 lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ní abala 72 rẹ̀, fún Ilé Ẹjọ́ Gíga ní agbára láti pín dúkìá bó bá ti tọ́ tó sì yẹ, fún ọkọ, fún ìyàwó àti fún àwọn ọmọ. Nínú ẹjọ́ Kafi àti Kafi ní 1986, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ka ìrànlọ́wọ́ tí ìyàwó ṣe fún ọkọ nídìí òwò rẹ̀ kún ìdí tí ó fi yẹ kí ó ní ìpín. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ pé ìdajì-ìdajì ni. Ọwọ́ adájọ́ ló wà, ohun tí ẹ bá sì fi hàn án ni yóò fi dájọ́.

BÍ Ó ṢE RÍ NÍ ÒKÈ ÒKUN

Àwọn ọmọ wa tó wà ní ìlú òyìnbó lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn níbẹ̀. Kò rọrùn. Ní California, ní Amẹ́ríkà, òfin sọ pé ohun tí tọkọtaya bá rí nígbà tí wọ́n wà papọ̀, ti àwọn méjèèjì ni lọ́gbọọgba. Ní òpin 1996, obìnrin kan níbẹ̀ jẹ lọ́tìrì, ìpín tirẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù dọ́là 1.3. Ó fi pa mọ́, ó sì tètè lọ béèrè ìkọ̀sílẹ̀ láìsọ fún ọkọ rẹ̀. Àṣírí tú ní 1999, ilé ẹjọ́ sì gba gbogbo rẹ̀ fún ọkọ, nítorí pé ó fi pa mọ́. Ká ní ó sọ ọ́ ni, ìdajì ìbá kù sọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ kan wáyé ní 2011. Ìyàwó ló jẹ lọ́tìrì, ó sì ní ìpín 500,000 pọ́n-ùn. Adájọ́ ní owó náà, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ti fi apá kan nínú rẹ̀ ra ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ gbé. Apá yẹn, adájọ́ ní, ti di ohun ìdílé, ó sì ní kí wọ́n fún ọkọ ní 85,000 pọ́n-ùn. Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí adájọ́ yẹn wò ni ohun tí owó náà dà lẹ́yìn tó wọlé. Ká ní irú ojú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi wo ilé Bàbá Akọ̀wé ni, Udoji ìbá jẹ́ ti Bàbá, òrùlé tí gbogbo ilé sá sí abẹ́ rẹ̀ ìbá sì jẹ́ ti àwọn méjèèjì.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Owó òjijì kò tíì tán láyé. Ní 2024, nígbà tí òfin sọ owó oṣù tó kéré jùlọ di naira 70,000, àjẹsílẹ̀ tún di ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fẹ̀yìn tì, tí owó ìfẹ̀yìntì ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ń ta ilé Sabon Gari kí wọ́n lè lọ kọ́lé sí ìlú wọn. Owó tí ènìyàn kò rí rí ni gbogbo wọn, àpò ẹnìkan sì ni wọ́n máa ń wọ̀.

Mo bẹ̀ yín, ohun mẹ́ta péré ni mo ní sọ. Èkíní, ẹ jẹ́ kí á máa sọ iye owó tó wọlé fún ara wa. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní, ẹni tí kò sì mọ ohun tó wà nínú àwo kò lè mọ̀ bóyá wọ́n rẹ́ òun jẹ. Èkejì, bí àpò méjì bá parí ilé kan, ẹ kọ orúkọ méjèèjì sí ìwé ilẹ̀. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ kọ orúkọ ẹni tó san owó sí rìsíìtì ohun tó rà. Kò túmọ̀ sí pé ẹ kò fẹ́ràn ara yín. Bí ẹ kò bá kọ ara yín sílẹ̀ láéláé, ìwé náà kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ̀kẹta kan àwa àgbà tí wọ́n máa ń pè láti parí ìjà. Kí á tó sọ fún obìnrin pé kó kó ẹrù rẹ̀, kí á bèèrè ẹni tó ra páànù. Kí á bèèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà pẹ̀lú, nítorí mo mọ ilé tó jẹ́ pé owó ìfẹ̀yìntì ọkọ ló kọ́ ilé sórí ilẹ̀ ìyàwó, tí òun náà kò sì ní ìwé kan.

Ní 2022, nígbà tí èmi náà fẹ̀yìn tì tí owó mi sì dé, èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi jókòó sídìí tábìlì, a kọ ọ́ sílẹ̀: èyí tó jẹ́ tèmi, èyí tó jẹ́ tirẹ̀, èyí tó jẹ́ ti ilé. Ó bi mí pé kí ló fà á, ṣé mo fẹ́ kọ òun ni? Mo sọ ìtàn Ìyá Elépo fún un, èyí tí n kò sọ fún un rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì buwọ́ lu ìwé náà.

Ọlọ́run yóò dá ìdílé kọ̀ọ̀kan sí. Owó tó bá wọlé wa kò ní tú wa ká. Ẹgbẹ́ wa yóò máa tẹ̀síwájú. Àṣẹ.